Kálíkúlọ́ọ̀sì Oníyípadà Púpọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Kọ́ọ̀sì Yunifásítì

Kálíkúlọ́ọ̀sì oníyípadà púpọ̀ ni apá ìṣirò tí ó ń wo bí nǹkan ṣe ń yí padà nígbà tí ohun tí ó ń darí rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ. Ẹ wo bí yàrá kan ṣe ń gbóná: ẹnu ọ̀nà kò rí bí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ilẹ̀ kò rí bí abẹ́ àjà, ọ̀sán kò sì rí bí òru. Ẹni tí yóò bá sọ ìwọ̀n ooru ibẹ̀ ní láti mú nọ́ńbà mẹ́rin dání, mẹ́ta fún ojú ibi tí ó ń wọ̀n, ẹyọ kan fún àkókò. Kálíkúlọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ bá pàdé, èyí tí ó ní x kan ṣoṣo, kò ní ibi tí yóò kó nọ́ńbà mẹ́ta yòókù sí. Iṣẹ́ kọ́ọ̀sì yìí ni láti wá àyè fún wọn.

Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ń pè é ní Calculus III, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gé e kúrú sí Calc 3. Nọ́ńbà rẹ̀ ní MIT ni 18.02, ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, Math 53 ni. Ní Nàìjíríà, abẹ́ MTH 201 ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ìlànà tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ṣe fún wọn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe pín in ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ yẹn sì kan ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mú lọ sílé.

Ipò rẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́

Ní Amẹ́ríkà, sẹ̀mẹ́sítà kẹta nínú ẹ̀kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì ni. Ti àkọ́kọ́ dá lórí ìwọ̀n ìyípadà, ti ìkejì dá lórí íńtígírà àti ọ̀wọ́ nọ́ńbà tí kò lópin, ìkẹta ló wá gbé gbogbo rẹ̀ kúrò lórí ìlà kan lọ sínú àyè. Àwọn ọmọ tí ó ti yege nínú ìdánwò AP Calculus BC ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì sábà máa ń fo méjì àkọ́kọ́, wọn a sì bọ́ sínú rẹ̀ tààrà lọ́jọ́ tí wọ́n wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní MIT, kò sí ẹni tí ó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí yóò gba dìgírì àkọ́kọ́ níbẹ̀, ì báà jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kà, ì báà jẹ́ ètò ọrọ̀ ajé tàbí orin, gbọ́dọ̀ ṣe kálíkúlọ́ọ̀sì oníyípadà kan àti ti oníyípadà púpọ̀ yege. Nígbà ìwọ́wé ọdún 2007, Denis Auroux, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, ló kọ́ 18.02. Wọ́n ya fídíò lẹ́kíṣọ̀ rẹ̀, 35 ni gbogbo wọn, wọ́n sì gbé wọn sórí OpenCourseWare, ètò tí MIT kéde ní 2001 pé òun yóò máa fi ohun èlò ẹ̀kọ́ òun síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni ọ̀gbẹ́ni náà ń lò. Fẹ́kítọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi dé lẹ́kíṣọ̀ 33, ó ti ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìdọ́gba Maxwell tó ń ṣàlàyé iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì. Ìrìn àjò tó jìnnà ni fún oṣù díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dàbí ìkánjú, nítorí gbogbo orí ọ̀rọ̀ ló ń mú èyí tó tẹ̀ lé e wá.

Ọdún kejì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní 200 level, ni tiwa ní Nàìjíríà. MTH 201 bẹ̀rẹ̀ látorí àtúnyẹ̀wò fọ́ńṣọ̀n oníyípadà kan, ó kọjá sórí ọ̀wọ́ Taylor, kí ó tó dé orí fọ́ńṣọ̀n oníyípadà méjì tàbí mẹ́ta, ọgbọ́n Lagrange, íńtígírà orí ìlà àti íńtígírà onípele púpọ̀. Ẹrù yẹn wúwo fún sẹ̀mẹ́sítà kan. Bí ìyanṣẹ́lódì bá tún bu sẹ̀mẹ́sítà náà jẹ, ìparí rẹ̀ ló ń jìyà: íńtígírà onípele púpọ̀ a di ohun tí wọ́n sáré kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, tíọ́rẹ́mù Stokes àti ti Gauss a sì dúró de kọ́ọ̀sì mìíràn ní ọdún kẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá kọjá sí ọdún kẹta ìṣirò lè má pàdé wọn rárá.

Ìwé tí wọ́n ń lò náà ní ipa tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé Calculus ti James Stewart, ọmọ Kánádà tó kọ́ni ní Yunifásítì McMaster, ló gbajúmọ̀ jù láti ìgbà tí ó ti jáde ní 1987. Owó rẹ̀ ni Stewart fi kọ́ ilé ńlá kan ní Toronto tí ó sọ ní Integral House. Àwòrán kún inú ìwé náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, Engineering Mathematics ti K. A. Stroud, tó kọ́kọ́ jáde ní 1970, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń gbé kiri. Stroud dára fún ẹni tó ń dá kẹ́kọ̀ọ́: ìgbésẹ̀ kékeré kan, ìbéèrè, ìdáhùn, ìgbésẹ̀ mìíràn. Àmọ́ ó ń kọ́ ọwọ́ ju bí ó ti ń kọ́ ojú lọ, ojú gan-an sì ni kọ́ọ̀sì yìí ń fẹ́.

Nígbà tí x di x àti y

Nínú kálíkúlọ́ọ̀sì oníyípadà kan, ọ̀nà méjì péré ni a lè gbà dé ojú àmì kan: ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì. Bí méjèèjì bá gbé wa dé ibì kan náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí y bá ti dara pọ̀ mọ́ x, ọ̀nà kò lóǹkà mọ́.

Ẹ mú f(x, y) = xy/(x² + y²), kí ẹ máa sún mọ́ ojú àmì (0, 0). Bí ẹ bá gba orí ìlà x wá, òdo ni fọ́ńṣọ̀n náà ń fún yín ní gbogbo ọ̀nà. Bí ẹ bá gba orí ìlà y, òdo náà ni. Ẹ wá gba orí ìlà y = x: 1/2 ni, kò sì yẹ̀ títí ẹ ó fi dé ẹnu ibẹ̀. Níwọ̀n bí ọ̀nà méjì ti fún wa ní èsì méjì, kò sí iye kan pàtó tí fọ́ńṣọ̀n yìí ń sún mọ́. Èyí tó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ ni x²y/(x⁴ + y²). Ìlà tààrà èyíkéyìí tí ẹ bá gbà dé (0, 0), òdo ni ẹ ó bá pàdé. Ẹni tó bá ti dán ìlà tààrà bí ẹgbẹ̀rún wò yóò búra pé òdo ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ gba orí ìlà títẹ̀ y = x², 1/2 ló ń dúró dè yín. Àpẹẹrẹ kejì yìí ni mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ fi ṣí apá yìí, nítorí ó fi hàn kíákíá pé àyè tí a wọ̀ kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ tí a kàn fẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n ìyípadà ń wọlé, ìṣirò rẹ̀ kò sì nira. Bí a bá fẹ́ mọ bí f ṣe ń yí padà ní ti x, a ó di y mú bíi pé nọ́ńbà lásán ni. Bí ó bá jẹ́ ní ti y, x la ó dì mú. Fún f = x²y + y³, ìwọ̀n ìyípadà ní ti x ni 2xy, ti y ni x² + 3y². Bí a bá tún wo èkíní ní ti y, 2x ni. Bí a bá wo èkejì ní ti x, 2x náà ni. Kì í ṣe èèṣì: fún fọ́ńṣọ̀n tí kò ní kọ́lọkọ̀lọ, èyí tí a bá kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì kò já mọ́ nǹkan, orúkọ Alexis Clairaut, onímọ̀ ìṣirò Faransé kan ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, sì ni wọ́n fi ń pe òfin náà. Àmì ∂ tí ó ń ya ìwọ̀n ìyípadà yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ti oníyípadà kan wá láti ọ̀dọ̀ Legendre ní 1786, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn ìgbà tí Jacobi lò ó ní 1841 kí ó tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò.

Ìwọ̀n méjèèjì náà, tí a bá so wọ́n pọ̀ di fẹ́kítọ̀ kan, ni gradient. Ní ojú àmì (1, 2), gradient fọ́ńṣọ̀n tí a mú lókè ni (4, 13). Ohun méjì ni fẹ́kítọ̀ yìí ń sọ. Ó ń nawọ́ sí ibi tí fọ́ńṣọ̀n ti ń ga sókè kíákíá jù lọ, gígùn rẹ̀ sì ń sọ bí ìgòkè náà ṣe le tó. Ẹni tó bá ti rí máàpù òkè tí àwọn sọ́fíyọ̀ ń yà, tí ìlà kan so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, ti rí gradient láìmọ̀: níbi tí àwọn ìlà náà bá ti fún mọ́ra, òkè náà ga gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tó sì ń ga sókè kíákíá jù ni èyí tó dábùú àwọn ìlà náà gbọọrọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣírò gradient lójú oorun, ṣùgbọ́n tí kò lè fi ìka tọ́ka sí i lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀. Ẹni náà kò tíì mọ gradient.

Ọgbọ́n Lagrange

Joseph-Louis Lagrange, ẹni tí wọ́n bí ní Turin ní 1736, ló fún wa ní ọgbọ́n tí ó ń wá iye tó pọ̀ jù tàbí tó kéré jù lábẹ́ àdéhùn. Ká ṣe ọ̀kan wò. Ẹnì kan fẹ́ kí wẹ́dà bá òun ṣe táǹkì omi onígun, aláìní ọmọrí, tí yóò gba mítà kúbíkì 32. Irin wọ́n. Báwo ni kí táǹkì náà ṣe gùn, kí ó fẹ̀, kí ó sì ga tó kí irin tí wọn yóò lò lè kéré jù?

Bí a bá pe gígùn ní x, fífẹ̀ ní y, gíga ní z, irin ìdí táǹkì ni xy, ti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni 2xz + 2yz. Àdéhùn wa ni pé xyz = 32. Lagrange ní níbi tí ìdáhùn wà, gradient irin àti gradient àdéhùn gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po èkejì. Nọ́ńbà ìlọ́po náà ni λ. Ìdọ́gba mẹ́ta la rí níbẹ̀:

y + 2z = λyz
x + 2z = λxz
2x + 2y = λxy

Ẹ fi x lu àkọ́kọ́, ẹ fi y lu ìkejì, ẹ fi z lu ìkẹta. Apá ọ̀tún gbogbo wọn ti di ohun kan náà, λxyz, nítorí náà apá òsì wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Láti inú àkọ́kọ́ àti ìkejì, x = y; láti inú ìkejì àti ìkẹta, y = 2z. Ẹ kó o sínú àdéhùn: 4z³ = 32, z = 2. Táǹkì náà yóò gùn ní mítà 4, yóò fẹ̀ ní mítà 4, yóò ga ní mítà 2, irin rẹ̀ yóò sì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 48. Bí wẹ́dà bá ṣe é kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, nǹkan bíi 50.4 ni irin yóò jẹ́.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń dúró síbẹ̀, wọn a ju λ nù bí ẹni ju èèpo nù. Àṣìṣe ńlá ni. Nínú ìṣirò wa, λ = 1, ohun tó sì ń sọ ni pé bí oníbàárà bá ní kí táǹkì gba mítà kúbíkì kan sí i, irin yóò fi bíi mítà onígun mẹ́rin kan lé. Nọ́ńbà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tí àdéhùn kan ń ná ilé iṣẹ́.

Íńtígírà onípele púpọ̀

Íńtígírà oníyípadà kan ń ṣe àròpọ̀ lórí ìlà. Onípele méjì ń ṣe é lórí ojú ilẹ̀, onípele mẹ́ta nínú àyè. Búrẹ́dì kan náà ni, yálà òróòró la gé e tàbí ìbú: bí a bá kó gbogbo ègé rẹ̀ jọ, kò dín, kò lé. Nítorí náà a lè yan ẹ̀gbẹ́ tí a fẹ́ kọ́kọ́ gé, yíyàn yìí sì lè mú kí ìṣirò tí kò ṣe é ṣe di èyí tó ṣe é ṣe. Ẹ wo íńtígírà e^(y²) lórí igun mẹ́ta tí x = 0, y = 1 àti y = x pààlà sí. Bí a bá kọ́kọ́ ṣe ti y, a ti há, nítorí kò sí ìlànà tí a mọ̀ tó lè ṣe íńtígírà e^(y²) tààrà. Ẹ yàwòrán igun mẹ́ta náà, kí ẹ gé e láti apá kejì. Ti x kọ́kọ́ wá, ó fún wa ní y·e^(y²), èyí tí ọmọ Calculus II lè ṣe. Ìdáhùn ni (e − 1)/2, bíi 0.859. Ẹni tí kò bá yàwòrán náà kò ní mọ nọ́ńbà tí yóò kọ sí ẹsẹ̀ àti orí íńtígírà tuntun náà. Ibi tí wàhálà kọ́ọ̀sì yìí pọ̀ sí jù nìyí, kì í sì í ṣe ìṣirò ló ń fà á.

Nígbà tí ojú ibi tí a ń wọ̀n bá rí róbótó, a máa ń fi x àti y sílẹ̀, a ó máa fi r, ìyẹn bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín, àti θ, igun tó yí sí, wọ̀n. Ìdíyelé kan wà fún pàṣípààrọ̀ yìí: dx dy kò di dr dθ lásán, r dr dθ ló dà, nítorí ègé tó jìnnà sí àárín fẹ̀ ju èyí tó sún mọ́ ọn lọ. Orúkọ Jacobi ni wọ́n fi ń pe ohun tí ń ṣe àtúnṣe yìí, Jacobian. Kò sí olùkọ́ kọ́ọ̀sì yìí tí kò mọ bí máàkì tí r tí wọ́n gbàgbé ti gbé lọ ṣe pọ̀ tó.

Àmọ́ r yẹn náà ló mú ọ̀kan nínú àwọn ohun tó dùn jù nínú gbogbo ìṣirò wá. Íńtígírà e^(−x²) láti ìsàlẹ̀ tí kò lópin dé òkè tí kò lópin ni ìpìlẹ̀ ìlà onírísí agogo tí àwọn onímọ̀ ìṣirò iye ń lò lójoojúmọ́, kò sì ṣe é ṣe ní ọ̀nà tí Calculus II mọ̀. Ẹ pè é ní I. Ẹ fi I lu ara rẹ̀, kí ẹ lo x fún ọ̀kan, y fún èkejì: I² di íńtígírà e^(−(x² + y²)) lórí gbogbo ojú pẹpẹ. Ẹ yí i sí r àti θ, íńtígírà r·e^(−r²) ni ẹ ó bá níbẹ̀, r tó jẹ́ ìdíyelé lẹ́ẹ̀kan ti wá di kọ́kọ́rọ́. I² = π, nítorí náà I = √π. Ìlà kan ṣoṣo la fẹ́ wọ̀n; a ní láti jáde sí ojú pẹpẹ kí a tó lè wọ̀n ọ́n.

Fún nǹkan rogodo, ρ, θ àti φ ni a ń lò, ìdíyelé ibẹ̀ sì ni ρ² sin φ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra: àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ físíìsì sábà máa ń pààrọ̀ ipò θ àti φ, ẹni tó bá ń ka ìwé ẹ̀ka méjèèjì pọ̀ lè ṣìnà.

Ohun tí ààlà ń sọ nípa inú

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú kọ́ọ̀sì yìí ló níye lórí jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ nípa pápá fẹ́kítọ̀, níbi tí gbogbo ojú àmì ti ní ọfà tirẹ̀, bí ìgbà tí a bá ya bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ lórí máàpù. A lè rìn gba inú pápá náà kí a sì ṣe àròpọ̀ iṣẹ́ tó ṣe lára wa. Íńtígírà orí ìlà nìyẹn. Tíọ́rẹ́mù Green wá sọ pé bí a bá rìn yí ààlà ilẹ̀ kan po títí a fi padà síbi tí a ti gbéra, ohun tí a rò pọ̀ lórí ààlà yẹn dọ́gba pẹ̀lú ohun kan tí ó wà káàkiri inú ilẹ̀ náà.

Àwọn sọ́fíyọ̀ ń jẹ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ká ní ilẹ̀ kan ní òpó mẹ́rin, tí nọ́ńbà wọn ní mítà jẹ́ (0, 0), (30, 0), (36, 20) àti (4, 18). Sọ́fíyọ̀ kì í wọ inú ilẹ̀ lọ wọn ojú rẹ̀. Láti òpó dé òpó, yóò fi x ti àkọ́kọ́ lu y ti èkejì, yóò yọ x ti èkejì lọ́nà y ti àkọ́kọ́ kúrò, yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò sì pín in sí méjì. Láti òpó kìíní dé ìkejì, òdo. Láti ìkejì dé ìkẹta, 600. Láti ìkẹta dé ìkẹrin, 648 − 80, ìyẹn 568. Láti ìkẹrin padà sí ìkíní, òdo. Àpapọ̀ wọn ni 1168, ìdajì rẹ̀ sì ni 584. Mítà onígun mẹ́rin 584 ni ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ kankan kò tẹ inú rẹ̀. Tíọ́rẹ́mù Green ni èyí láti òkè délẹ̀. Ìlànà kan náà ló wà nínú irinṣẹ́ tí Jakob Amsler, ọmọ Switzerland, ṣe ní 1854: bí a bá fi ẹnu rẹ̀ tọ etí àwòrán kan yí po, yóò sọ bí inú àwòrán náà ṣe fẹ̀ tó.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe tíọ́rẹ́mù náà yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. George Green, tí wọ́n bí ní 1793, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọlọ tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí Sneinton lẹ́bàá Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí ọlọ tó ń lọ àlìkámà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kò lò ju bí ọdún kan lọ ní ilé ìwé. Ní 1828 ó fi owó àwọn tó san àsansílẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ó kún fún ìṣirò tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó rẹ̀ kò lè kà. Ó ti pé ogójì ọdún kí ó tó wọ Cambridge gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ó kú ní 1841, láìsí ẹni tó ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ní 1845 ni William Thomson, tó di Lord Kelvin lẹ́yìn náà, rí ìwé náà, ó sì mú kí wọ́n tún un tẹ̀ kí gbogbo Yúróòpù lè rí i. Ohun tó wà nínú ìwé Green gan-an jẹ́ ti inú àyè. Ti orí pẹpẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ kọ́, Cauchy ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1846. Ilé ọlọ náà ṣì wà, wọ́n ti tún un ṣe, ó ṣì ń lọ ọkà.

Tíọ́rẹ́mù Stokes gbé ọ̀rọ̀ Green kúrò lórí pẹpẹ lọ sórí ojú tó tẹ̀ kọrọdọ nínú àyè. Kelvin ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí George Stokes ní 1850. Ní 1854 Stokes fi í ṣe ìbéèrè nínú ìdánwò Smith's Prize ní Cambridge, James Clerk Maxwell sì wà lára àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò náà. Maxwell yìí kan náà ló wá fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí iná àti mágínẹ́ẹ̀tì ní 1873. Ìkẹta wọn ni tíọ́rẹ́mù Gauss, tí Ostrogradsky ọmọ ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1826: gbogbo ohun tó ń ṣàn jáde gba ojú àpótí kan kọjá dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń sun nínú àpótí náà.

Tíọ́rẹ́mù mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta, àmì tó yàtọ̀ síra. Akẹ́kọ̀ọ́ tó há wọn sórí fún ìdánwò yóò rò pé nǹkan mẹ́ta ni. Nǹkan kan ni. Àní èyí tí wọ́n kọ́ ní Calculus I, pé íńtígírà ìwọ̀n ìyípadà láti a dé b jẹ́ f(b) − f(a), òun náà ni: ìlà ni inú ilẹ̀, ojú àmì méjì tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ààlà. Ẹni tó bá jáde nínú kọ́ọ̀sì yìí láìrí ìbátan yìí ti san owó odindi, ó sì gba ààbọ̀.

Ibi tí ó ti wúlò

Àmì fẹ́kítọ̀ tí à ń kọ lónìí, bíi dot àti cross, kì í ṣe ti Maxwell. William Rowan Hamilton ló mú i, j àti k wá ní 1843, nígbà tí ó gbẹ́ wọn sára afárá Broom ní Dublin. Josiah Willard Gibbs ní Yale àti Oliver Heaviside ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gé ohun tí kò wúlò kúrò lára ìlànà Hamilton, Edwin Wilson, akẹ́kọ̀ọ́ Gibbs, sì tẹ ìwé Vector Analysis jáde ní 1901, èyí tí ìwé kíláàsì òde òní ṣì jọ.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tí kò lo ìṣirò yìí, láti ìṣàn omi inú páìpù dé orí ooru inú ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ jù lónìí ni ẹ̀rọ tó ń kọ́ èdè. Cauchy ló dá a lábàá ní 1847 pé kí a máa rìn lòdì sí gradient ní ìgbésẹ̀ kékeré títí a ó fi dé ibi tó rẹlẹ̀ jù. Ní 1986, Rumelhart, Hinton àti Williams fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature bí a ṣe lè lo òfin ìsopọ̀ ìwọ̀n ìyípadà (chain rule) láti mọ gradient ẹ̀rọ tó ní ìpele púpọ̀. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù yín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ: ayípadà rẹ̀ kì í ṣe méjì tàbí mẹ́ta mọ́, ó ti wọ mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n gradient tí wọ́n ń kọ́ ní 200 level náà ni.

Bí a ṣe ń ṣe é yege

Àwọn tó ń kùnà kì í sábà kùnà nítorí kálíkúlọ́ọ̀sì. Àlújẹ́bírà ló máa ń gbé wọn ṣubú, tàbí kí wọ́n má lè ya ojú ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Lagrange ṣèlérí nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú Mécanique analytique, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1788, pé àwòrán kankan kò ní sí nínú rẹ̀, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Lagrange lè ṣe bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó ya ààlà náà, kí ó kun inú rẹ̀, kí ó fi ọfà sí i, lẹ́yìn náà ni kí ó tó kọ íńtígírà àkọ́kọ́. Ṣíṣe ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wọ́n nìkan kẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró sójú kan lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá yí àwòrán padà. Fídíò Auroux wà fún ẹni tó bá ní dátà, kò sì gba kọ́bọ̀.

Sí àwọn tó ń ṣètò kọ́ọ̀sì yìí ní àwọn yunifásítì wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ gé àtúnyẹ̀wò fọ́ńṣọ̀n oníyípadà kan kúrú, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó péye sílẹ̀ fún Green, Stokes àti Gauss nínú ọdún kejì, kí ọmọ tí kò ní ka ìṣirò lọ títí lè rí wọn kí ó tó kúrò.